Nína Ara Ọmọ Tuntun

Nína ara ọmọ tuntun jẹ́ apá kan nínú ìwẹ̀ ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá àgbà ló sábà máa ń ṣe é. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á sì tẹ́ ọmọ sí i. Tó bá wẹ̀ ẹ́ tán, á fi òrí pa á lára. Á gbé ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì kọjá ara wọn láyà, á ká orúnkún rẹ̀ sí ikùn, á sì rọra fa ẹsẹ̀ náà gùn. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Níbòmíràn ní Áfíríkà náà, àwọn ìyá máa ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ: ní 1976, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, Charles Super, kọ̀wé pé àwọn ọmọ Kipsigis ní Kenya tètè ń jókòó, wọ́n sì tètè ń rìn, torí pé àwọn ìyá wọn ń kọ́ wọn.

Nína ara kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ní Thailand, àgbàlagbà ló ń na ara rẹ̀, tó sì ń fi mímí tẹ̀ lé e. Àwọn ère tó ń fi irú nína ara yìí hàn, tí Ọba Rama Kẹta ní kí wọ́n ṣe ní 1836, wà ní tẹ́ḿpìlì Wat Pho, Bangkok.

Tí ẹ bá ń na ara ọmọ tuntun, ẹ má ṣe fi apá rẹ̀ kan gbé e sókè: ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lè yẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ gbé ọrùn rẹ̀ ró.