Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ọmọ-Iṣẹ́?

Bí òbí bá mú ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì láti kọ́ṣẹ́, iye ọdún tí ọmọ náà yóò lò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fẹnu kò lé lórí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ-iṣẹ́ yóò ba aṣọ oníbàárà jẹ́, yóò sì máa gba àkókò ọ̀gá. Ọ̀gá ni ó ń ru àdánù náà. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sin ọ̀gá fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, àdánù ìjọ́sí yóò sì padà di èrè. Ìbéèrè tí ìjíròrò yìí dá lé lórí ni èyí: nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ta ni ó ru ẹrù ọmọ-iṣẹ́?

Kọ̀ǹpútà kò lè dá nǹkan kan ṣe fún ara rẹ̀. Ènìyàn ní láti kọ àwọn àṣẹ tí yóò máa tẹ̀ lé ní ẹsẹẹsẹ, àwọn àṣẹ yìí ni à ń pè ní sọ́fítíwíà. Amẹ́ríkà ni àìtó àwọn tí ó lè kọ ọ́ ti kọ́kọ́ di ọ̀ràn ńlá fún ìjọba, ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ìbẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù láti Rọ́ṣíà mú kí àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà dáwọ́ lé ètò ààbò kan tí wọ́n pè ní SAGE, nínú èyí tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣọ́ ojú ọ̀run tọ̀sán tòru. Ilé-iṣẹ́ IBM gbà láti kọ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ kíkọ sọ́fítíwíà rẹ̀. Iṣẹ́ náà yóò gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, IBM kò sì rí ibi tí yóò kó wọn sí bí iṣẹ́ bá parí. Ìdáhùn ọlọ́jà gidi nìyí: kò sí ẹni tí ó fẹ́ jogún ọmọ-iṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́.

Ní ọdún 1955, àjọ ìwádìí RAND ní Santa Monica gba iṣẹ́ náà. Kò sí ọjà tí wọ́n ti lè lọ ra òṣìṣẹ́, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò tó nǹkan. Wọ́n wá àwọn tí kò rí kọ̀ǹpútà rí, wọ́n fi ìdánwò làákàyè yàn wọ́n, wọ́n sì kọ́ wọn láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1957, ẹ̀ka tí ń ṣe iṣẹ́ yìí dá dúró gẹ́gẹ́ bí àjọ kan, orúkọ rẹ̀ sì ni System Development Corporation. Nígbà tí ó fi di ọdún 1960, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 3,500 ni ó wà níbẹ̀, àwọn tí ó lé ní 4,000 sì ti kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n ti lọ sí ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ọ̀gá télọ̀ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àjọ yìí kò tì í, nítorí pé àpò ìjọba ni ó ń san owó ẹ̀kọ́. Ohun tí àwọn ológun pàdánù, àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè kan náà ni ó jèrè rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ní Èkó ní ọdún 2014 yàtọ̀. Àìtó wà ní òkè òkun. Ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ tí orí wọn pé pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí. Ilé-iṣẹ́ Andela, tí Iyinoluwa Aboyeji àti Jeremy Johnson wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, so ìhà méjèèjì pọ̀. Kì í gba owó ẹ̀kọ́. Ó ń san owó fún ọmọ-iṣẹ́ nígbà tí ó ń kọ́ ọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọmọ-iṣẹ́ yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ ọdún mẹ́rin, yóò máa jókòó sí Èkó ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí wọ́n bá Andela ṣe àdéhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá wò ó dáadáa, yóò rí i pé àdéhùn télọ̀ náà ni, àfi pé oníbàárà wà ní ẹ̀yìn odi. Ètò náà tàn dé Kenya, Uganda àti Rwanda. Ní ọdún 2016, àjọ Mark Zuckerberg àti aya rẹ̀ ṣíwájú àwọn tí ó fi dọ́là mílíọ̀nù 24 sínú rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, àwọn olùdókòwò tún fi dọ́là mílíọ̀nù 100 kún un.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 yẹn gan-an ni àdéhùn náà já. Andela kéde pé òun yóò dá ètò ọmọ-iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà àti Uganda, ó sì dá àwọn ọ̀dọ́ tí ó tó nǹkan bí 400 sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí àti Kenya. Kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀lẹ ni a fi kàn wọ́n. Àwọn oníbàárà òkèèrè ń béèrè ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán sì jókòó láìsí ẹni tí yóò gbà wọ́n. Ìkéde kan náà sọ pé ilé-iṣẹ́ náà yóò gba àwọn ògbóǹtarìgì 700 sí i kí ọdún 2020 tó parí. Wọ́n bá àwọn ibùdó bíi CcHUB ní Yábàá ṣètò láti bá àwọn tí ó kúrò wáṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ ọdún mẹ́rin ti mọ̀ báyìí pé ọ̀gá lè kọ́kọ́ tú àdéhùn.

Ní ọdún 2023, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nípa ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀; 30,000 ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tún ti gbé ẹrù náà rù, gẹ́gẹ́ bí ti Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1955, iṣẹ́ ni ó ṣáájú ọmọ-iṣẹ́: SAGE ti ń dúró de ẹni tí yóò kọ ọ́. Ní ti 3MTT, ọmọ-iṣẹ́ ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá sì parí ẹ̀kọ́ náà ṣì nílò ọdún kan tàbí méjì lábẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́, ọdún tí àwọn oníbàárà òkèèrè kò fẹ́ sanwó rẹ̀ ní 2019.