Àwọn Tó Ń Ka Ẹyẹ
(Ọ̀rọ̀ ẹnu Admin, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní dátà láti gbọ́ ọ)

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Minna! Ẹ rántí fọ́tò tí mo fi síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ méjì nítòsí dáàmù Tagwai, pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Mo ní kí a ṣọ́ra, bóyá amí ajínigbé ni wọ́n. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù wọ́n. Ẹyẹ ni wọ́n ń kà! Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn iṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní 1958, Elgood, òyìnbó tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé nípa ẹyẹ kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀gà, dúdú àti pupa. Wọ́n sọ ọ́ ní Ibadan malimbe. Ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló wà ní gbogbo ayé, igbó rẹ̀ sì ń tán lọ. Igbó IITA n'Ìbàdàn wà lára ibi tó kù fún un.

Ti Jos tún yà mí lẹ́nu. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í kọ́ ilé, ilé ẹlòmíràn ló ń yé ẹyin sí, orin onílé náà ló sì ń kọ. Payne, ará Amẹ́ríkà, gbọ́ orin tí kò bá ti ẹyẹ kankan tó mọ̀ mu. Ó wá onílé orin náà láàárín àpáta, ó rí i, ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1998: rock firefinch. Etí ló fi rí i, kì í ṣe ojú!

Ta ló wá náwó sí i? Oníṣòwò ni o. Ṣé ẹ mọ Leventis, àwọn ará Kípírù tó wá ṣòwò nílẹ̀ wa, àjèjì bíi tiwa níbí? Owó ẹbí yẹn ni wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ ẹyẹ sílẹ̀ ní Laminga, lẹ́bàá Jos, ní 2001, lábẹ́ Yunifásítì Jos. Àwọn ọmọ wa ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ báyìí.

Láti 2015 ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9 níbùú lóròó. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ á wọ ibẹ̀, á kà fún wákàtí 2 ó kéré tán, á fi fóònù kọ ọ́ ránṣẹ́. Kò sówó oṣù. Owó ọkọ̀ àti dátà, àpò ara wọn ni. Bí a bá gé igbó tí ẹnikẹ́ni ò ka ohun tó wà níbẹ̀, a ò ní mọ ohun tí a pàdánù.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má fi fọ́tò àjèjì síbí mọ́ láìkọ́kọ́ bi Mai Anguwa. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Bí wọ́n bá dé ẹ̀bá ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fún wọn lómi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájì fóònù. Ẹni tó bá lè dá owó dátà fún wọn, kó bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Àlejò ni gbogbo wa níbí, a mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fura síni. Ó dìgbà o, mo ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.