Kẹ̀kẹ́ Gbogbo Ilẹ̀ Nínú Igbó Landes

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ilẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, tí wọ́n ń pè ní Landes. Ilẹ̀ náà tẹ́ bí ẹní. Igi páìnì dúró níbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sórí ìlà, àwọn adágún omi sì wà lẹ́bàá wọn láti àríwá títí dé gúúsù. Ní ìgbà ooru, tọmọdé tàgbà a máa gun kẹ̀kẹ́ gba inú igbó náà kọjá. Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí jẹ́ irú èyí tí táyà rẹ̀ sanra, tí ó ní eyín tí ń di ilẹ̀ mú, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ní kẹ̀kẹ́ orí òkè.

Olùgbọ́ kan lè béèrè pé, kí ni kẹ̀kẹ́ orí òkè ń wá ní ibi tí kò sí òkè? Ìbéèrè náà tọ́. Bí a bá sì tọpa rẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń gùn, àti igi tí wọ́n ń sinmi lábẹ́ ìbòòji rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, àwọn kan ni wọ́n sì san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ kẹ̀kẹ́ náà. Ní ọdún 1817, Karl Drais, ará Jámánì, gun ẹ̀rọ onígi kan tí ó ní ẹsẹ̀ méjì. Kò ní pẹ́dà. Ẹni tí ó bá gùn ún ni yóò máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Láàárín ọdún 1860 sí 1869 ni ilé iṣẹ́ Pierre Michaux ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí ó ní pẹ́dà lára ẹsẹ̀ iwájú. Ní 1888, John Dunlop, tí í ṣe oníṣègùn ẹran ní Belfast, ṣe táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni àbíkẹ́yìn wọn. Àwọn ọ̀dọ́ agbègbè Marin ní California ni wọ́n ń kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè kan nítòsí ìlú Fairfax, tí wọ́n sì ń bá eré sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì a gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ a di èéfín, wọn a sì tún kó òmíràn sí i kí wọ́n tó tún gun òkè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976 wọ́n sọ ọ́ di ìdíje. Ní 1977 Joe Breeze fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fírémù tuntun fún eré náà. Ní 1996 ó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ yìí dé ilẹ̀ Faransé, wọn kò pè é ní kẹ̀kẹ́ orí òkè mọ́. Orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí kẹ̀kẹ́ gbogbo ilẹ̀. Orúkọ yìí ló bá Landes mu, nítorí iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa rì sínú iyanrìn.

Ẹni tí ó bá rí Landes ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn kò ní mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Ní ìgbà náà, pápá gbalasa ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Lábẹ́ iyanrìn rẹ̀ ni ìpele kan wà tí ó le bí òkúta, tí irin inú ilẹ̀ so pọ̀, tí wọ́n ń pè ní alios. Omi òjò kò rí ibẹ̀ gbà kọjá. Nítorí náà, ní ìgbà òtútù ilẹ̀ a di àbàtà, ní ìgbà ooru a gbẹ táútáú. Ibà a sì máa bá àwọn ènìyàn jà. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì mọ ọgbọ́n ilẹ̀ wọn. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn ń gun agéré, bí irú èyí tí a ń rí níbi eré ní ilẹ̀ wa, kí ẹsẹ̀ wọn má bàa wọ omi, kí ojú wọn sì lè tó agbo wọn lókèèrè. Wọn a fi ọ̀pá kẹta ṣe ìjókòó, wọn a sì máa hun ìbọ̀sẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹran. Kì í ṣe nítorí ẹran jíjẹ tàbí irun nìkan ni wọ́n ṣe ń sin àgùntàn. Ajílẹ̀ ni wọ́n ń wá lára wọn. Láìsí ajílẹ̀ náà, ọkà kò lè hù nínú iyanrìn. Pápá tí àgùntàn ń jẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni.

Létí òkun, ọ̀tọ̀ ni wàhálà tibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá iyanrìn wọlé, ó ń kó o jọ di òkìtì gíga. Òkìtì wọ̀nyí ni wọ́n dínà mọ́ àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn lọ sínú òkun, tí omi wọn fi dúró di adágún: Hourtin, tí ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 18, Lacanau, Cazaux, Biscarrosse àti àwọn mìíràn. Iyanrìn náà a máa bo oko, a sì máa bo ilé. Ní Soulac, ó bo ilé ìjọsìn ńlá kan mọ́lẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n tó hú u jáde. Títí di òní, òkìtì Pilat, tí gíga rẹ̀ ju mítà 100 lọ, ṣì ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ́ sórí igbó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1787, ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Nicolas Brémontier bẹ̀rẹ̀ sí í gbin páìnì sórí òkìtì iyanrìn ní La Teste, kí gbòǹgbò igi lè di iyanrìn mú. Àwọn kan ti gbìyànjú irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ìjọba tì lẹ́yìn. Ní 1849, ẹnjiníà mìíràn, Jules Chambrelent, ra nǹkan bí 500 hẹ́kítà nínú pápá tí ó wà ní Cestas. Ó gbẹ́ kòtò tí omi lè gbà lọ, ó gbin páìnì, igi náà sì hù.

Bí Ọba Napoleon Kẹta ti rí èyí, ó fọwọ́ sí òfin kan ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1857. Òfin náà sọ pé dandan ni kí àwọn ìlú Landes àti Gironde fa omi kúrò lórí ilẹ̀ àjọni wọn, kí wọ́n sì gbin igi sí i. Ìlú tí kò bá ṣe é, ìjọba yóò ṣe é, yóò sì gba owó rẹ̀ padà lórí ohun tí igbó náà bá mú wá. Ọba fúnra rẹ̀ ra ju 7,000 hẹ́kítà lọ, ó sì tẹ ìlú Solférino dó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ìlú kéékèèké yóò ti rí owó kòtò àti owó irúgbìn? Púpọ̀ nínú wọn kó lára ilẹ̀ wọn, wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Àwọn olówó ló rà á. Ibi tí àgùntàn bàbá-ńlá ẹnì kan ti ń jẹ̀ di oko olóko. Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó igbó tuntun náà, àwọn olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n nàka sí.

Igi náà mówó wá, a kò lè sẹ́ èyí. Wọn a máa ṣá ara rẹ̀ lọ́gbẹ́, oje rẹ̀ a sì máa kán sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, gẹ́gẹ́ bí adẹ́mu ti ń ṣe lára ọ̀pẹ. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865 dá oje ti ilẹ̀ wọn dúró, owó oje Landes fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣá igi kọ́ ló ni igi. Ó ní láti bá onílẹ̀ pín in, bí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ní 1906 àti 1907, àwọn aláṣàá dáṣẹ́ sílẹ̀ pé ìpín àwọn kéré jù.

Ìgbà kan wà tí ayé àtijọ́ àti ti òde òní pàdé. Ní oṣù kẹta ọdún 1891, Sylvain Dornon, oníbúrẹ́dì kan ní Arcachon, gun agéré láti Paris dé Moscow. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n sá eré kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ láti Bordeaux sí Paris, ọ̀nà tí ó ju kìlómítà 570 lọ, G. P. Mills, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì gbégbá orókè láàárín wákàtí tí kò tó 27. Agéré ń dágbére, kẹ̀kẹ́ ń wọlé. Félix Arnaudin, ọmọ Labouheyre, tí ó kú ní 1921, gun kẹ̀kẹ́ kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀, ó ń ya pápá, agbo àti àwọn àgbàlagbà, ó sì ń kọ ìtàn àti orin wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó parẹ́. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ pè é ní òmùgọ̀. Lónìí, àwòrán rẹ̀ ni a fi mọ bí ilẹ̀ náà ti rí.

Àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà ní ìtàn tiwọn. Ojú irin àtijọ́ ni àwọn kan, bí èyí tí ó ti Bordeaux lọ sí Lacanau. Ọ̀nà kọnkéré tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì, láti fi dé ibùdó wọn létí òkun, ni àwọn mìíràn. Ohun tí a ṣe fún ìbọn ni àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ báyìí.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní Landes, irú igi kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá igbó tí ó tó mílíọ̀nù kan hẹ́kítà ṣe, ewu rẹ̀ sì hàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, iná jó nǹkan bí 50,000 hẹ́kítà, ènìyàn 82 sì kú, àwọn ọmọ ogun àti àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láti pa iná wà lára wọn. Ìjì ńlá wó igi lulẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní 1999 àti ní 2009. Ní oṣù keje ọdún 2022, iná tún sọ ní Landiras àti ní La Teste. Ó jó ju 20,000 hẹ́kítà lọ, ju 30,000 ènìyàn sì fi ilé sílẹ̀.

Igbó La Teste tí ó jóná yẹn kì í ṣe ti òfin 1857. Ó ti wà tipẹ́ lórí òkìtì iyanrìn, láti 1468 sì ni ìwé àdéhùn ti fún àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gé igi níbẹ̀ fún ìdáná àti fún ilé kíkọ́. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú igbó àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ní èdè wọn, ni òkè. Ẹ rí i pé òkè wà ní Landes ná, ó kàn jẹ́ pé òkè ti wọn, igbó tí gbogbo ìlú jọ ní ẹ̀tọ́ sí ni.

Igi ń hù padà síbẹ̀ báyìí. Àríyànjiyàn tí ó wà nílẹ̀ ni irú igi tí ó yẹ, àti ẹni tí yóò pinnu rẹ̀. Ní 1857, ẹnikẹ́ni kò bi àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní ìbéèrè yẹn. Ẹni tí ó bá ń gbin igbó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó bi àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ náà léèrè kí ó tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́.