TÍÌ ELÉRÒJÀ ILẸ̀ ÍŃDÍÀ ÀTI ÀGBO TIWA

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà ọyẹ́ tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọ wa ra páálí tíì kan wálé.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà pé kò ní káfíìnì, èyíinì ni ohun tó wà nínú ewé tíì, kọfí àti obì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí oorun sùn. Wọ́n tún kọ ọ́ pé láti inú ìṣègùn Ayurveda ti ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá. Kò sí ewé tíì kankan nínú rẹ̀. Atalẹ̀ ni, kànáfùrù, kínámónì, ata dúdú tó jẹ́ ìbátan iyèré, àti kádámọ́mù tó jẹ́ ìbátan ataare. Ìyàwó wa tọ́ ọ wò, ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ṣé kì í ṣe àgbo ni wọ́n tà fún àwọn ọmọ yìí?" Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a gbé ìtàn rẹ̀ yẹ̀ wò.

Nínú èdè Sanskrit, Ayurveda túmọ̀ sí ìmọ̀ nípa ìwàláàyè. Charaka Samhita, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ńlá rẹ̀, ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Àwọn oníṣègùn wọn a máa se egbò àti èèpo igi títí omi rẹ̀ yóò fi ṣẹ́ ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Atalẹ̀ gbígbẹ, ata dúdú àti ata gígùn ni wọ́n ń pa pọ̀ tí wọ́n ń pè ní trikatu, ìyẹn mẹ́ta tó ń ta lẹ́nu. Nínú ilé, kadha ni wọ́n ń pe irú àgbo bẹ́ẹ̀. Fún òtútù àti ikọ́ ni wọ́n sábà máa ń mu ún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ìṣẹ̀ǹbáyé ni gbogbo ará Íńdíà ti ń mu tíì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Singpho ní Assam mọ ewé náà, ṣùgbọ́n àwọn Òyìnbó ló sọ ọ́ di oko ńlá lẹ́yìn tí Robert Bruce rí i níbẹ̀ ní 1823. Ní 1839 ni wọ́n kọ́kọ́ ta tíì Assam ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn 1900 ni àwọn oníṣòwò tíì tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ kiri fún àwọn ará ìlú gan-an. Nígbà tí àwọn ará Íńdíà gbà á, wọn kò da èròjà ìyá wọn nù. Wọ́n fi mílíìkì, ṣúgà, atalẹ̀ àti kádámọ́mù sí i, wọ́n pè é ní masala chai. Inú àwọn tó ń polówó kò dùn sí i, nítorí ewé tíì tó ń wọ inú rẹ̀ dín kù.

Ní 1969, Yogi Bhajan, ará Íńdíà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yoga ní Los Angeles. Omi èròjà sísè ló máa ń fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Ní àwọn ọdún 1980, ó ti di ọjà inú páálí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá gan-an nìyí. Ní 1995, wọ́n fún àwọn kan ní Amẹ́ríkà ní ìwé àṣẹ lórí lílo atalẹ̀ pupa láti wo ọgbẹ́ sàn, bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. CSIR, àjọ ìwádìí ìjọba Íńdíà, takò wọ́n. Wọ́n kó ìwé àtijọ́ wọn sílẹ̀, títí kan èyí tí a fi Sanskrit kọ. Ní 1997, Amẹ́ríkà fagi lé ìwé àṣẹ náà. Láti 2001 ni Íńdíà sì ti ń kó ìmọ̀ ìṣègùn wọn jọ sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ẹnu ni wọ́n fi borí, ìwé ni.

Àwa ńkọ́? Láti 1927 ni wọ́n ti ń gbin atalẹ̀ fún títà ní gúúsù Kàdúná níbí, ní agbègbè Kachia àti Kafanchan. Atalẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn ìyá wa tó wọ reluwé wá sí òkè Ọya kó àgbo ibà àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ìyá wa tiwa fi ayé sílẹ̀, ìkòkò àgbo wọn wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ewé méje tí wọ́n ń kó sí i, mẹ́rin péré ni àwa ọmọ lè dárúkọ. A bi àwọn ará ilé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ. Ní 1995 kan náà, Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi Bàhíà ní Brazil ṣe ilé, tẹ ìwé tó pè ní Ewé jáde, ó kó ìmọ̀ ewé àwọn babaláwo wa sínú rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ló bá wa kọ ọ́.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni torí àgbo kọ dókítà sílẹ̀ o. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olúkúlùkù ìdílé ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà tó kù, kí wọ́n kọ orúkọ ewé, ìwọ̀n rẹ̀ àti bí a ṣe ń sè é, kí ọmọ tí a bí ní Kàdúná lè rí i kà lọ́jọ́ iwájú.

Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí fún wa. Àṣẹ.