Lucerne, ìlú tí ó fi ogun ṣòwò kí ó tó fi ẹwà ṣòwò

Ní ibi tí adágún ńlá kan ní àárín ilẹ̀ Swítsálandì ti ń tú omi rẹ̀ sínú odò Reuss ni ìlú Lucerne tẹ̀dó sí, tí àwọn òkè sì yí i ká bí ìjòyè ti í yí ọba ká lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tí ó bá wọ ìlú náà lónìí yóò rí àlejò láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, tí wọ́n ń rọ́ gììrì lórí afárá onígi, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń gbójú sókè wo yìnyín lórí òkè. Ó sì lè rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àlejò ti ń wá fi ojú jẹun níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ ìlú ni ń jáde lọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn gba owó nínú ogun ẹlòmíràn, òkè tí gbogbo ayé ń sanwó gùn nísinsìnyí sì jẹ́ èèwọ̀. Bí òwò kan ṣe kú, tí èkejì sì dìde láti ọwọ́ àwọn ìdílé kan náà, ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí àrìnrìn-àjò tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìdajì Lucerne ni ó rí.

Abúlé apẹja ni Lucerne ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì tí ó ń jẹ́ orúkọ Leodegar Mímọ́. Ọ̀nà ni ó sọ ọ́ di ìlú. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà òkè Gotthard já ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, ẹrù tí ń ti Ítálì bọ̀ yóò gun òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, a óò dì í sínú ọkọ̀ ojú omi ní Flüelen ní ìpẹ̀kun adágún, a óò sì sọ̀ ọ́ ní Lucerne, kí ó tó máa lọ sí ìhà àríwá. Owó ibodè wọlé, ilé pọ̀, ìlú náà sì bá Uri, Schwyz àti Unterwalden mulẹ̀ ní 1332. Ọ̀rúndún kẹrìnlá yìí kan náà ni wọ́n kọ́ afárá onígi tí a ń pè ní Kapellbrücke, kì í ṣe fún ìgbádùn ojú, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí apá kan odi ìlú, kí ọ̀tá tí ó bá gba ojú adágún wá má baà rí àyè wọlé. Ilé ìṣọ́ olójú mẹ́jọ tí ó dúró nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti wà kí afárá náà tó wà. Ilé ìṣúra ni nígbà náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, ibi tí a ti ń fi ìyà jẹ ọ̀daràn ni pẹ̀lú.

Òkè Pilatus, agbórí-sánmà, arúnjú-koko-bí-òjò-bá-ṣú, kì í ṣe ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń wò tẹ̀ríntẹ̀rín nígbà náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òkú Pọ́ńtíù Pílátù, ẹni tí ó dá Jésù lẹ́jọ́ ikú, ni ó dùbúlẹ̀ sínú adágún kékeré kan lórí rẹ̀, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá ju òkò sínú omi náà, ìjì àti ẹ̀kún omi ni yóò fi dáhùn. Ìjọba ìlú ka gígun òkè náà léèwọ̀, wọ́n sì sọ àlùfáà mẹ́fà tí ó fẹ́ gùn ún sẹ́wọ̀n ní 1387. Àfi ní 1585 ni Johann Müller, àlùfáà ìlú, kó ènìyàn sẹ́yìn lọ síbẹ̀, tí ó sọ òkúta sínú omi lójú gbogbo wọn, tí ìjì kankan kò sì jà. Ní 1594 wọ́n la ojú ọ̀nà fún adágún náà, omi rẹ̀ sì ṣàn lọ. Mo ka ọjọ́ Müller yìí sí ọjọ́ ńlá nínú ìtàn ìlú náà, nítorí ojú tí ń bẹ̀rù kò lè ráyè wo ẹwà.

Ṣùgbọ́n ẹwà kò tíì di owó. Òkè pọ̀ ní ilẹ̀ Swítsálandì, ilẹ̀ oko kò tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn ọba Yúróòpù rí i pé àwọn ọmọ Swítsálandì kì í kẹ̀yìn sí ogun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n ní àgbàṣe; ọba Faransé ni ó sì gbà wọ́n jù. Ìjọba ìlú ni ń bá ọba ṣe àdéhùn, àwọn ìdílé ńláńlá ni ń kó ọmọ tálákà jọ, tí wọ́n ń ṣe balógun wọn, tí wọ́n sì ń fi owó ọba kọ́ ilé. Ní Lucerne, ìdílé Pfyffer ni ó gba iwájú, ọmọ afogun-ṣòwò, ọmọ ajagun-ọba-má-jẹ-gbèsè. Ní 1567, Ludwig Pfyffer kó àwọn ọmọ ogun Swítsálandì yí Charles Kẹsàn-án ọba Faransé ká, wọ́n sì mú un láti Meaux dé Paris, tí ọ̀tá kò rí i gbé ṣe. Agbára rẹ̀ nílé sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ọba àwọn ará Swítsálandì.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni kò sì relé mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1792, nígbà tí àwọn ará Paris dìde sí ọba wọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ Swítsálandì ni wọ́n dúró ní ààfin Tuileries, àwọn ni wọ́n sì pa bẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun ẹ̀ṣọ́ náà, Karl Pfyffer von Altishofen, wà nílé ní Lucerne fún ìsinmi lọ́jọ́ náà, nípa bẹ́ẹ̀ orí kó o yọ. Ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí ó fi tọrọ owó káàkiri, tí Bertel Thorvaldsen, ọmọ Denmark, yàwòrán kìnnìún kan, tí Lukas Ahorn sì gbẹ́ ẹ sára àpáta ní 1820 sí 1821. Kìnnìún náà gùn tó mítà mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ ti ṣẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń kú lọ, ó sì gbé ọwọ́ lé asà ọba Faransé síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó wà lókè rẹ̀ yin ìṣòtítọ́ àti akin àwọn ọmọ Swítsálandì. Òtítọ́ ni ìyìn náà, mi ò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá wo ni ó yẹ kí ó kú nítorí asà ọba tí kì í ṣe ọba rẹ̀? Òwò tí ó pa wọ́n ni ojú mi ń rí lára àpáta náà, mo sì gbà pé kìnnìún náà ni ojúlówó òkúta ìsìnkú òwò ọ̀hún, nítorí pé òfin ilẹ̀ Swítsálandì ti 1848 ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní 1837 ọkọ̀ eléèéfín àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí adágún. Ní 1863 Thomas Cook kó ẹgbẹ́ àrìnrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Swítsálandì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn, Jemima Morrell, kọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, títí kan bí wọ́n ṣe gun òkè Rigi kí wọ́n lè rí oòrùn bí ó ti ń yọ. Ní 1868 Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ dé, ó yí orúkọ padà kí a má baà dà á láàmú, ó sì gun ẹṣin kékeré lọ sórí òkè. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Niklaus Riggenbach ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Vitznau gun Rigi, èyí tí irin eléyín wà láàárín rẹ̀ kí àgbá eléyín ọkọ̀ lè máa dì í mú bí ó ti ń gòkè. Irú rẹ̀ kò sí ní Yúróòpù rí. Ní 1889 ọkọ̀ ojú irin dé orí Pilatus pẹ̀lú, lójú ọ̀nà tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ju ti ọkọ̀ ojú irin eléyín èyíkéyìí ní ayé lọ, òkè tí wọ́n ti sọ àlùfáà sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀.

Ta ni ó wá kọ́ ilé tí àwọn àlejò wọ̀ sí? Pfyffer ni. Max Alphons Pfyffer von Altishofen, ẹni tí ó ti ṣe ọmọ ogun lọ́dọ̀ ọba Naples, tí ó sì padà di ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun Swítsálandì, wà lára àwọn tí ó dá Grand Hotel National sílẹ̀ létí adágún, tí a ṣí ní 1870. César Ritz, ọmọ àgbẹ̀, ni ó sì ń bójú tó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdílé tí ó ti ń kó ọmọ jáde wá ń gba àlejò sílé; ìmọ̀ kan náà, ìyẹn bí a ti ń bá ọba àti ọlọ́lá lò, ni wọ́n sì fi ṣe méjèèjì.

Síbẹ̀, òwò tuntun yìí náà ní ohun tí ó jẹ. Afárá mìíràn wà tí ó gùn ju Kapellbrücke lọ, Hofbrücke, tí àwọn ará ìlú ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Kí àlejò lè rí etí omi tí ó gbòòrò rìn, kí òtẹ́ẹ̀lì lè rí ilẹ̀ dúró sí, wọ́n da erùpẹ̀ sí etí adágún, wọ́n sì wó afárá náà díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí mọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ó sì dùn mí pé ojú àlejò ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣe é. Kapellbrücke náà gé kúrú, ṣùgbọ́n ó kù, òun àti àwọn àwòrán onígun mẹ́ta tí Hans Heinrich Wägmann kùn sábẹ́ òrùlé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Òun gan-an sì ni àlejò ń torí rẹ̀ wá. Nígbà tí iná jó o ní òru ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ 1993, tí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwòrán náà ṣègbé, ìlú kò bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá kí wọ́n tún un kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ènìyàn ti ń rìn lórí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà sí ní Lucerne, n kò ní sọ pé afárá. N óò ní kí ó lọ sọ́dọ̀ kìnnìún, kí ó sì wọ ọgbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Gletschergarten, níbi tí ọkùnrin kan tí ń gbẹ́ àjà ilẹ̀ fún wáìnì ní 1872 ti bá àwọn ihò ńláńlá tí omi abẹ́ yìnyín ìgbà láéláé gbẹ́ sínú òkúta. Nínú ọgbà yìí ni àwòrán-òkè tí Franz Ludwig Pfyffer ṣe wà. Ọ̀gágun ní ilẹ̀ Faransé ni òun náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sílé, ó ń gun orí òkè kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wọ̀n wọ́n, ó sì ń mọ wọ́n ní kékeré, láti 1762 títí di 1786, adágún, ìlú, igbó àti òkè gbogbo, tí àwọn àrìnrìn-àjò ìgbà náà sì ń yà sí ilé rẹ̀ láti wò ó. Kí àlejò wa dúró níbẹ̀ pẹ́ títí yóò fi mọ Rigi yàtọ̀ sí Pilatus, kí ó mọ ibi tí ọ̀nà Gotthard gbà wọlé. Lẹ́yìn náà kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, kí ó sì wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Vitznau.