Ìṣẹ́yún, Oyún Wíwálẹ̀, Oyún Yíyọ: Ẹ̀sùn Òfin Lẹ́nu Ògbufọ̀ ní Èkó

Abala 36 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn náà ní èdè tí ó yé e, kí wọ́n sì la ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yé e yékéyéké, àti pé bí kò bá gbọ́ èdè tí ilé-ẹjọ́ ń sọ, kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Erékùṣù Èkó, níbi tí olùjẹ́jọ́ àti ẹlẹ́rìí ti lè jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò ka ìwé lọ títí, gbólóhùn Yorùbá tí ó bá jáde lẹ́nu ògbufọ̀ ni ẹ̀sùn fúnra rẹ̀, nítorí òun nìkan ni ẹni tí ó dúró nínú àpótí olùjẹ́jọ́ gbọ́. Ẹjọ́ tó bá jẹ mọ́ oyún ni èyí ti le jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ará ìlú fún ohun tí òfin ń wí ti dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi kí adájọ́ tó gbé kálámù.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn nà dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916, tí wọ́n gbé ka orí èyí tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Australia, ya abala mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn yìí. Abala 228 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ẹni tí ó bá ṣe é fún obìnrin lórí, abala 229 fi ọdún 7 lé obìnrin tí ó bá ṣe é fún ara rẹ̀, abala 230 sì fi ọdún 3 lé ẹni tí ó bá pèsè oògùn tàbí irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin ọ̀daràn tirẹ̀ ní 2011, ìpìlẹ̀ kan náà ni ó gbé e kà. Ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ kíyè sí ni bí wọ́n ṣe hun gbólóhùn náà. Abala 228 kò sọ pé ẹnì kan pa ọmọ, kò tilẹ̀ sọ pé oyún kan bàjẹ́. Ohun tí ó ń bá wí ni ẹni tí ó ní i lọ́kàn láti mú kí oyún obìnrin wálẹ̀, yálà obìnrin náà lóyún tàbí kò lóyún, tí ó sì fún un ní oògùn tàbí tí ó fi ohunkóhun kàn án lára fún ìdí bẹ́ẹ̀, lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí. Èrò ọkàn ni òpó àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ṣe ni ìkejì, “lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí” ni ìkẹta. Bíbàjẹ́ oyún kò sí láàárín wọn.

Ẹ wá gbé ìṣẹ́yún lé orí ìwọ̀n yìí. Igi ni à ń ṣẹ́, apá àti egungun ni ó sì ń ṣẹ́. Lóòótọ́, oyún lè ṣẹ́ lára obìnrin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá ti di ìṣẹ́yún, ọwọ́ ẹnì kan ti wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìṣẹ́yún ṣẹlẹ̀ ti sọ pé oyún wà, pé oyún náà ti bàjẹ́, àti pé ẹnì kan ni ó bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin kò béèrè méjì àkọ́kọ́ rárá. Obìnrin tí kò lóyún, ṣùgbọ́n tí ó rò pé òun lóyún, tí ó sì mu àgbo kí ó lè wálẹ̀, lè fi gbogbo ẹnu búra pé òun kò ṣẹ́yún, òtítọ́ ni ó sì sọ lédè Yorùbá, síbẹ̀ abala 229 lè mú un. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, dókítà tí ó yọ oyún kí ìyá má bàa kú ti ṣẹ́yún lójú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀ sófin. Ọ̀rọ̀ tí ó fún níbì kan tí ó tún ṣò níbòmíràn kò yẹ fún ìwé ẹ̀sùn.

Òpó kẹta yẹn ni gbogbo àánú òfin sá pamọ́ sí. Ní 1938, adájọ́ Macnaghten ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ẹjọ́ dókítà Aleck Bourne, ẹni tí ó yọ oyún ọmọbìnrin ọdún 14 kan tí àwọn ṣọ́jà fipá bá lò pọ̀, ó sì ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ àwọn aráàlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà, “lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí”, ṣeré: ó fi hàn pé ọ̀nà kan wà tí òfin fọwọ́ sí, èyíinì ni nígbà tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tọ ipa ọ̀nà yìí nínú ẹjọ́ Edgal àti àwọn méjì mìíràn láti Nàìjíríà. Abala 297 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ ọ́ ní gbangba pé oníṣẹ́-abẹ tí ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òótọ́ inú, ìṣọ́ra àti ìmọ̀ láti dá ẹ̀mí ìyá sí kò jẹ̀bi. Òfin Èkó ti 2011 sì fi ìlera ara ìyá kún un. Bí ògbufọ̀ bá wí pé “wọ́n ní o ṣẹ́yún”, tí ó fi òpó kẹta sílẹ̀ nítorí pé ó gùn, ààbò tí òfin fún olùjẹ́jọ́ ni ó fi sílẹ̀ yẹn. “Lọ́nà àìtọ́”, tí àwọn kan ń lò dípò rẹ̀, kò tó, nítorí ohun tí kò tọ́ lójú ẹ̀sìn àti lójú àwọn àgbà pọ̀ ju ohun tí òfin kà sí ọ̀ràn lọ.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ gan-an kò jọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Lọ́dọ̀ àwọn eléwé ọmọ àti àwọn onílẹ́kulẹ́jà ní ọjà Jankara, kò sí ọmọbìnrin tí yóò dúró níwájú àtẹ kí ó dárúkọ ìṣẹ́yún. Ohun tí ó máa wí ni, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan oṣù mi ò tíì dé o,” ìyá náà á sì bi í pé, “Ọmọ mi, láti ìgbà wo?” Wọ́n ti gbọ́ra wọn yé, síbẹ̀ ẹnu àwọn méjèèjì kò tíì kan oyún. Àìsàn ni nǹkan oṣù tí kò dé lè jẹ́, ó lè jẹ́ ìrònú, ó sì lè jẹ́ pé ó ti fẹ́ra kù, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pe oyún tuntun. Agbẹjọ́rò ìjọba tí ó fẹ́ fìdí èrò ọkàn múlẹ̀ kò lè fi “nǹkan oṣù mi ò dé” ṣe ẹ̀rí bí kò bá sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ògbufọ̀ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti túmọ̀ gbólóhùn náà sí ohun tí ó rò pé ọmọbìnrin náà ní lọ́kàn. Bí ó ṣe fún un ni kí ó gbé e kalẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú gbogbo ojú méjì tí ó ní.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀bi nínú lè kọ́kọ́ ronú kan “ìdádúró oyún”, nítorí à ń dá iṣẹ́ dúró, a sì ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dúró. Àmọ́ oyún tó dúró ni oyún tó mú. Ìyàwó tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mélòó kan, tí wọ́n sọ fún pé oyún rẹ̀ dúró, ijó ni yóò jó, kò ní sunkún. “Fífòpin sí oyún” sàn díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbí náà jẹ́ òpin oyún. Nínú gbogbo wọn, “oyún yíyọ” ni ó dára jù fún iṣẹ́ dókítà, nítorí à ń yọ eyín, a ń yọ ọta ìbọn, láìsí ìyìn tàbí ìbáwí nínú rẹ̀. Níbi tí ó bá sì jẹ́ oògùn ni wọ́n lò, “mímú oyún wálẹ̀” yóò gbà á.

Ní ilé ìwòsàn, ewu náà ń ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “abortion”, ni àwọn dókítà ń lò fún gbogbo oyún tí kò tíì tó ọmọ tí ó bàjẹ́, ìbáà jẹ́ pé ó bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ènìyàn ni ó bà á jẹ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún tí oyún rẹ̀ ṣì wà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò kọ sí káàdì rẹ̀, wọ́n á kàn fi kún un pé ó ń halẹ̀. Bí àbúrò ọkọ tó kàwé díẹ̀ bá wá tú káàdì náà sí ìṣẹ́yún fún ìyá ọkọ, ogun dé nínú ilé tí ó yẹ kí wọ́n ti máa bá obìnrin náà kẹ́dùn. Yorùbá ti ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ó já gaara ju ti dókítà lọ: oyún tó ń fẹ́ wálẹ̀, oyún tó bàjẹ́ lára, oyún tó kú sínú, oyún tó dúró síta ilé ọmọ. Nọ́ọ̀sì tó bá ń ṣàlàyé fún ẹbí kò nílò láti ṣẹ̀dá ohunkóhun; kí ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá sọ.

Àríyànjiyàn ti ìwà àti ẹ̀sìn le ju ti òfin lọ, nítorí orí ìgbà tí ọlẹ̀ di ènìyàn ni ó dá lé. Ọlẹ̀ ni ọmọ tí ó wà nínú (ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò bá fi àmì sí i yóò sọ ọ́ di ọ̀lẹ, èyí tí ọmọ ọlọ́mọ kò yẹ fún). Nígbà tí ìyá bá mọ̀ pé ó mira, a ní ọlẹ̀ sọ, àsìkò yẹn gan-an ni òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pa ààlà láàárín ọ̀ràn kékeré àti ńlá, kí òfin 1837 wọn tó pa ààlà náà rẹ́. Ìjọ Kátólíìkì, tí kàtídírà rẹ̀, Holy Cross, wà ní Erékùṣù Èkó, kò gba ààlà kankan lẹ́yìn ìgbà tí obìnrin ti lóyún. Nínú àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí ọgọ́fà ọjọ́, ìyẹn 120, gẹ́gẹ́ bí àkókò tí wọ́n fẹ́ ẹ̀mí sí ọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò sọ ohun tó ṣáájú rẹ̀ di ohun tí wọ́n gbà fàlàlà. Ẹ̀mí, tí gbogbo wọn ń dárúkọ, inú mímí ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ abala 307 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ pé ọmọ di ẹni tí a lè pa nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ bá ti jáde láàyè kúrò nínú ìyá rẹ̀, yálà ó ti mí tàbí kò tíì mí. Gbólóhùn òfin yìí kò ṣeé fi ẹ̀mí túmọ̀, nítorí yóò máa ta ko ara rẹ̀. “Láàyè” ni kí ògbufọ̀ dì mú. Nípa bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tí ó bá pe ìṣẹ́yún ní ìpànìyàn ní ilé-ẹjọ́ ti da abala méjì pọ̀, bí ó bá tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti wàásù rẹ̀ lórí pẹpẹ.

“Ẹ̀tọ́” pàápàá nílò ìṣọ́ra. Ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn lábẹ́ òfin ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ láti ṣe náà ni, nítorí náà “ẹ̀tọ́ láti yọ oyún” ń dún létí bí ìgbà tí wọ́n ní ó dára kí wọ́n yọ ọ́. “Ààyè tí òfin fún obìnrin” yóò sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn láìfi ìdájọ́ ìwà kún un. Àwọn tó sì ń sọ pé kí obìnrin yàn fúnra rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ tó ń bọ̀ ni àṣà Yorùbá ń fi yíyàn fún, òun ni ó kúnlẹ̀ yan ìpín.

Èkó rí ìyọrísí gbogbo èyí ní 2022. Ní òpin oṣù kẹfà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ rẹ̀ ti 1973 lórí oyún yíyọ padà, Ilé-iṣẹ́ Ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde lórí fífòpin sí oyún láìléwu fún àwọn ìdí tí òfin fọwọ́ sí. Kò dá òfin tuntun sílẹ̀. Ó kàn ń la ohun tí òfin 2011 ti gbà yé àwọn dókítà ni. Ẹ gé àkọlé náà kúrú, “fún àwọn ìdí tí òfin fọwọ́ sí” ni yóò kọ́kọ́ bọ́, ohun tó sì kù ni pé ìjọba gba ìṣẹ́yún láyè. Àwọn olórí ẹ̀sìn, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Alfred Adewale Martins wà lára wọn, fi ohùn takò ó, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù keje, ìjọba ti dá ìlànà náà dúró. Àtakò wọn ní ìdí tó jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ìtumọ̀ tó dára kì bá sì ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ì bá jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń takò.

Ní òdìkejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbà ní oṣù kẹwàá 2021 pé obìnrin lè béèrè kí wọ́n yọ oyún tí kò tíì kọjá ọ̀sẹ̀ 12 bí ó bá máa kó ìnira bá ìgbé ayé, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, ìwé ìléwọ́ ilé ìwòsàn tí ó bá kọ ìṣẹ́yún yóò máa fi orúkọ ọ̀ràn pe ohun tí òfin gbà, bẹ́ẹ̀ ògbufọ̀ Èkó yóò máa wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ṣáájú ẹjọ́. “Oyún yíyọ” ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì, àfi pé ti Èkó gbọ́dọ̀ máa gbé “lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí” tẹ̀ lé e nínú gbogbo ìwé ẹ̀sùn, bó ti wù kí ó gùn tó.