Ẹ wo òkè kí ẹ tó gbẹ́ kànga: bí a ṣe ń ya máàpù ilẹ̀ tí omi mímu wa ti ń wá ní gúúsù Èkìtì

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún tó kọjá, ìyá mi pè mí láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì pé omi kànga wa ò dùn mọ́. "Ó ń rùn díẹ̀díẹ̀ bí omi àdàgún," bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó ti lé ní 30 ọdún tí kànga náà ti wà. Omi rẹ̀ la mu dàgbà, omi rẹ̀ náà ni wọ́n fi wẹ àkọ́bí mi nígbà tá a gbé e wálé.

Mo délé, mo wò yíká. Ohun tuntun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ilé tí aládùúgbò wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lápá òkè wa. Soakaway rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Mo fa téèpù láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga wa, ó jẹ́ mítà 34. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi máa ń sọ pé, ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín ṣáláńgá tàbí soakaway àti kànga. Nítorí náà, ọkùnrin yìí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó tiẹ̀ fi mítà 4 lé e. Àmọ́ nígbà tá a gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n bá E. coli nínú rẹ̀, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ìfun èèyàn àti ẹran. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà ò sì gba ẹyọ kan péré nínú 100 mílílítà omi.

Téèpù mi wọn bó ṣe jìnnà tó. Kò wọn ibi tí ilẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́ sí. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ gùn.

Ilẹ̀ agbòjò

Ẹ mú agbòòrùn kan, ẹ dojú rẹ̀ sókè nínú òjò. Gbogbo ẹ̀kán òjò tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ létí, ì báà jẹ́ láàárín, ibì kan náà ló máa pàdé sí. Bí ilẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Odò kọ̀ọ̀kan, ìṣàn kọ̀ọ̀kan, títí kan kànga ẹ̀yìnkùlé yín, ló ní ilẹ̀ kan tó ń gba òjò fún un. Ilẹ̀ agbòjò ni mo máa pè é níbí. Orí òkè ni ààlà rẹ̀: òjò tó bá rọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún òkè ń lọ sí odò kan, èyí tó rọ̀ sí ọwọ́ òsì ń lọ sí òmíràn.

Ó yẹ káwa ará Èkìtì mọ èyí ju ẹlòmíì lọ, nígbà tó jẹ́ pé ara òkìtì ni wọ́n ní orúkọ wa ti jáde. Odò Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ó gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí Òṣogbo. Dáàmù Àṣejíre tó ń fún Ìbàdàn lómi, orí rẹ̀ ló wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, ẹ̀ ń mu nínú òjò Èkìtì lẹ ò mọ̀. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ní tiẹ̀ gba agbègbè Ìsẹ̀ kọjá sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ìlú Ayédé-Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ jẹ́. Odò Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sé ní Ẹ̀gbẹ́-Èkìtì fi ṣe dáàmù. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó mọ ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ti parí tí Ìsẹ̀/Òrùn ti bẹ̀rẹ̀. Èmùré lè fòfin de dída pàǹtírí sódò, kí pàǹtírí ṣì máa bọ̀ láti apá òkè níbi tí òfin Èmùré ò dé. Ìdí nìyẹn tí máàpù ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ò fi lè dáàbò bo omi.

Àpáta abẹ́ wa

Ibi tí tiwa ti le nìyí. Orí àpáta líle àtayébáyé ni Èkìtì wà. Ẹni tó bá ti rí òkè Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ ti fojú ara rẹ̀ rí i. Àpáta yìí kì í mu omi bí iyanrìn. Ibi tí omi ń sá pamọ́ sí ò ju méjì lọ: ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta lórí, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àpáta tó ti jẹrà, àti àwọn ojú ibi tí àpáta ti sán. Kànga tá a fọwọ́ gbẹ́ ń mu nínú ti àkọ́kọ́. Borehole sábà máa ń wá èkejì. Níbi tí ilẹ̀ rírọ̀ yẹn ò bá nípọn, ìdọ̀tí ò ní pẹ́ kó tó dé inú omi. Ti àpáta tó sán tún burú jù, torí kò sí iyanrìn tó máa sẹ́ omi náà. Ṣe ló ń sáré bí ẹni pé inú páìpù ló wà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ìdọ̀tí ò lè wọ borehole yín torí pé ó jìn.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti lówó jù wá lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀ ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Òjò náà gbá ìgbẹ́ màlúù láti oko kan wọ kànga tí ìlú ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Well 5. Kànga yìí ò jìn, inú àpáta tó sán ló sì ti ń fa omi. Èèyàn 7 kú. Àwọn tó lé ní 2,000 ṣàìsàn, nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ jẹ́ bí i 5,000. Àwọn òṣìṣẹ́ omi jẹ̀bi o, torí wọn ò da kiloríìnì tó, wọ́n sì ń kọ irọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí adájọ́ Dennis O'Connor ṣe sọ pé àgbẹ̀ tó ni màlúù ò jẹ̀bi, bó ṣe yẹ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Nígbà tí mo kà á, aládùúgbò wa àti mítà 34 rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga náà ní 1978, wọ́n ti kìlọ̀ fún ìlú nípa oko tó wà nítòsí rẹ̀. Ní 2006, Ontario ṣòfin pé kí wọ́n ya máàpù ilẹ̀ tó yí àwọn kànga ìlú ká, kí wọ́n sì kọ ohun tó lè ba omi ibẹ̀ jẹ́ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń ya á

Dípúlómà tí mo gbà ní poli, iṣẹ́ ìròyìn ni, kì í ṣe ìwọnlẹ̀. Tí èmi bá lè ṣe é, ẹ̀yin náà á ṣe é.

Gíga ilẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa wá. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú Endeavour ti NASA fi ọjọ́ 11 yí ayé po, ó ń fi rédà wọn bí ilẹ̀ ṣe ga sí. SRTM ni wọ́n ń pe àkójọ náà, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gé ilẹ̀ sí ègé onígun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bí i mítà 30 ní ìbú àti ní òró, ó sì sọ bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Ẹ gbé e sínú QGIS, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

QGIS máa kọ́kọ́ dí àwọn kòtò tí kì í ṣe kòtò gidi nínú àkójọ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa bi ègé kọ̀ọ̀kan léèrè: nínú àwọn 8 tó yí ọ ká, èwo ló rẹlẹ̀ jù? Ibẹ̀ ni omi rẹ̀ ń lọ. Tó bá ti so gbogbo ìdáhùn pọ̀, ìlà odò á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ wá tọ́ka sí ibi tẹ́ ẹ ti ń pọn omi, yóò sì kun gbogbo ilẹ̀ tó ń gba òjò fún ibẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí ibi tẹ́ ẹ tọ́ka sí bọ́ sórí ìlà odò gan-an. Ẹ fi ègé kan ṣoṣo ṣì í, ẹ ó rí ilẹ̀ tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Alẹ́ méjì ni mo fi ya ti ìṣàn tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àmọ́ máàpù yìí máa ń purọ́ o. Ègé onímítà 30 ò rí gọ́tà. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì lè kó omi àdúgbò kan, kó gba ihò abẹ́ títì, kó lọ tú u sí àdúgbò tí òkè ò fojú sí rárá. Omi abẹ́ ilẹ̀ náà kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé ojú ilẹ̀. Fún odò àti kànga tí ò jìn, ẹ lè gba ojú ilẹ̀ gbọ́ dé ìwọ̀n àyè kan. Fún borehole, ẹ lọ wá onímọ̀ nípa àpáta. Ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ wọ bàtà òjò, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rin ààlà náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni omi máa ń fi ọ̀nà rẹ̀ hàn.

Bẹ́ ẹ bá ṣe ń rìn, ẹ máa fi fóònù mú ojú ibi gbogbo tó lè ba omi jẹ́: ṣáláńgá, ààtàn, ilé epo tí táǹkì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ọgbà mẹkáníìkì tí ọ́ìlì dúdú ti ń ṣàn, ibi tí wọ́n ti ń pẹran, ibi tí wọ́n ti ń fún omi ẹ̀gẹ́, oko kòkó tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí. Wọn ò burú bákan náà. Ìgbẹ́ ló ń yára pa èèyàn, torí ibẹ̀ ni onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti ń wá, ṣùgbọ́n kéèyàn se omi náà dáadáa lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Náítréètì tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ wá, sísè ò ràn án. Ìlànà wa ò fẹ́ kó ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún ló sì wà nínú ewu jù. Bẹntiróòlù tó bá ti jò wọ abẹ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ẹ wá pín ilẹ̀ náà. Àwọn ará Jámánì ń fi ìpele mẹ́ta ṣe é. Èkíní ni mítà 10, ó kéré tán, tó yí kànga ká. Àwọn òṣìṣẹ́ omi nìkan ló ń wọbẹ̀. Èkejì, kì í ṣe mítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọjọ́ ni: ó dé ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ á ti rin 50 ọjọ́ kó tó dé kànga, torí wọ́n gbà pé púpọ̀ nínú kòkòrò ìgbẹ́ á ti kú kó tó dé. Ẹ̀kẹta ni ìyókù ilẹ̀ agbòjò. Mo fẹ́ràn fífi ọjọ́ wọ̀n ọ́n yẹn. Mítà 30 nínú amọ̀ lè jẹ́ ìrìn oṣù mélòó kan; nínú àpáta tó sán, ó lè má tó ọjọ́ kan.

A ti ṣe irú ẹ̀ rí nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n sé Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn, ní 1942, wọ́n ya ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún igbó kí ẹrẹ̀ má bàa ya wọ inú omi. Ẹ lọ wo ibi tí ilé dé níbẹ̀ lónìí. Lọ́dọ̀ tiwa, igbó ìjọba Ìsẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìgba owó. Ọ̀rọ̀ àwọn ìnàkí inú rẹ̀ làwa oníròyìn máa ń kọ, èmi náà wà níbẹ̀, àmọ́ gbòǹgbò igi ibẹ̀ ló ń jẹ́ kí òjò rọra wọlẹ̀ dípò kó gbá ilẹ̀ oko lọ sódò.

Ní ti ìjọba, abẹ́ Benin-Owena River Basin Development Authority ni Èkìtì wà, pẹ̀lú Oǹdó, Ẹdó àti apá kan Delta. Ọ́fíìsì mìíràn ló ń rí sí omi ẹ̀rọ, òmíràn sì ló ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́. Tí máàpù ilẹ̀ agbòjò kan bá wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ẹni tí wọ́n gbé ìwé ilé epo wá bá á lè béèrè ohun kan kó tó fọwọ́ sí i: ta ló ń mu omi nísàlẹ̀ ibí yìí?

Mo tẹ máàpù àdúgbò wa sórí bébà ńlá, mo gbé e lọ sí ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù. Onílé òkè wà níbẹ̀, ara mi ò sì balẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí màmá àgbà kan tó ń ta iṣu fi gba báírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ìṣàn tí mo yà yẹn, kò gba ibẹ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti la títì; gọ́tà ti darí ẹ̀ sẹ́yìn ilé-ìwé. Wọ́n fa ìlà mìíràn. A jọ lọ wò ó, òótọ́ ni. Onílé òkè fúnra rẹ̀ ló wá béèrè ibi tí òun lè gbé soakaway òun lọ. A fi ìka tẹ̀ lé máàpù tuntun náà títí a fi rí ibì kan ní ìhà kejì ilé rẹ̀. Owó búlọ́ọ̀kù là ń dá báyìí. Kó tó parí, ìyá mi ń se omi kí wọ́n tó mu ún, wọ́n sì ń bá mi jà pé gáàsì ti wọ́n.